Àwọn Ààfin Etí Odò Loire

 

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Odò kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Loire. Bí ẹ bá fẹ́ pe orúkọ náà, ẹ wí pé "Luwáà". Òun ni ó gùn jù nínú gbogbo odò ilẹ̀ Faransé. Gígùn rẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà. Ní etí odò yìí, àti ní etí àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ni àwọn ọba àti ìjòyè Faransé kọ́ ààfin sí lọ súà láyé àtijọ́. Ní ọdún 2000, àjọ UNESCO kọ orúkọ àfonífojì odò náà sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ náà gùn tó 280 kìlómítà.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris ni ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. Ọjọ́ 4 ni a fi rìn ín. Mo rí òkúta funfun, mo rí àtẹ̀gùn, mo rí ọgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rù bọ̀ wálé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkúta. Ní ààfin kọ̀ọ̀kan ni mo ń béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ? Báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Ìdáhùn kan náà ni mo sì ń gbọ́ ṣáá: ìwé ni. Bí kò bá ṣe ìwé owó, a jẹ́ ìwé ilẹ̀. Bí kò bá ṣe ìwé ilẹ̀, a jẹ́ ìwé ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn ín, kí ẹ̀yin náà lè rí i.

Ọ̀nà Etí Odò

Láti Paris dé ìlú Orléans tó bíi 130 kìlómítà. Ibẹ̀ ni a ti bá odò Loire pàdé. A yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, a sì ń bá odò náà sọ̀kalẹ̀ lọ.

Loire kì í ṣe odò tí ènìyàn lè fojú di. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn a yọ láàárín rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ọmọdé lè wọ́ ọ kọjá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ lókè odò, a kún, a sì ya bo oko àti ilé. Nítorí náà ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe mọ odi erùpẹ̀ gíga sí bèbè rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Lórí odi náà ni ọ̀nà mọ́tò gbà kọjá níbi púpọ̀. Odò wà lápá kan, oko àti abúlé wà nísàlẹ̀ lápá kejì.

Òkúta tí wọ́n fi kọ́lé níbẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. Tuffeau ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á jáde nínú ilẹ̀, ayùn lè gé e. Àwọn ihò tí wọ́n ti wa òkúta náà kò ṣófo. Àwọn kan ń tọ́jú ọtí wáìnì sínú wọn, àwọn kan ń gbin olú síbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ihò náà ṣe ilé gbé.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà, pátákó tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kòkó ń tọ́ka sí ibi tí ààfin wà. Mo ka ọ̀rọ̀ kan lára àwọn pátákó náà títí ó fi mọ́ mi lójú. Château ni ọ̀rọ̀ náà. "Ṣàtó" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ààfin tàbí ilé olódi. Èmi kò gbọ́ èdè Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè kà yẹn ń fi ọ̀nà hàn mí. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan kà ti ṣíwájú ẹni tí kò mọ ìkankan?

Chambord

Chambord ni ààfin tí a kọ́kọ́ yà sí. Ọba François Kìíní ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1519. Ọba náà fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, nítorí náà inú igbó ọdẹ ni ó kọ́ ọ sí.

Ẹ gbọ́ bí ilé náà ti tóbi tó. Yàrá inú rẹ̀ lé ní 400. Ibi ìdáná inú rẹ̀ jẹ́ 282. Ògiri tó yí igbó ọdẹ rẹ̀ ká gùn tó 32 kìlómítà. Ní àárín gbùngbùn ilé náà, àtẹ̀gùn 2 lọ́ mọ́ra wọn bí okùn tí a pa pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń gòkè lórí ọ̀kan, tí ẹlòmíràn ń sọ̀kalẹ̀ lórí èkejì, wọ́n lè máa rí ara wọn láti ojú ihò tó wà láàárín, ṣùgbọ́n wọn kò ní pàdé. Èmi àti ọmọ àbúrò mi dán an wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí.

Ó dára. Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Ọdún 32 ni ọba yìí fi wà lórí oyè. Bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tó fi gbé Chambord pọ̀, kò pé oṣù 3. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, kò sí ibùsùn, kò sí àga, kò sí aṣọ ara ògiri. Ẹrù ọba a máa bá ọba rìn láti ààfin dé ààfin. Bí ó bá dé, wọ́n á tú ẹrù. Bí ó bá ń lọ, wọ́n á dì í padà.

Ta ló wá sanwó ilé náà? Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Owó orí kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní taille. Àwọn ìjòyè kì í san án. Àwọn àlùfáà kì í san án. Mẹ̀kúnnù ló ń san án. Owó iyọ̀ tún wà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní gabelle. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fún ọba ní tirẹ̀.

Ní 1525, ọwọ́ ọ̀tá tẹ ọba náà lójú ogun ní Pavia ní ilẹ̀ Ítálì. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ó ní láti fi ọmọkùnrin rẹ̀ 2 dúró ní ilẹ̀ Sípéènì. Ó lé ní ọdún 4 kí owó ìràpadà àwọn ọmọ náà tó délẹ̀. Síbẹ̀, ní àárín àkókò náà ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Chambord. Ọmọ wà ní ìwọ̀fà, bàbá ń kọ́lé.

Mo yẹ ògiri àti òrùlé ààfin náà wò káàkiri. Lẹ́tà F, tí orúkọ ọba fi bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbẹ́ sí i níbi gbogbo, pẹ̀lú àwòrán ẹranko kan tó dà bí alángbá, tí àwọn ará ìgbà náà gbà gbọ́ pé iná kì í jó. N kò rí orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tó san owó orí.

Ṣùgbọ́n ilé náà wúlò níkẹyìn. Ní 1939, nígbà tí ogun Jámánì ń bọ̀, wọ́n kó àwọn àwòrán iyebíye kúrò ní ilé ìṣúra Louvre ní Paris, wọ́n sì kó wọn wá sí Chambord. Àwòrán Mona Lisa tí gbogbo ayé mọ̀ wà nínú wọn. Ilé tí ọba kọ́ fún fáàrí ni ó wá di ibi tí ìlú ń fi ohun iyebíye pamọ́ sí.

Blois

Láti Chambord dé ìlú Blois kò jìnnà. Orí òkè láàárín ìlú ni ààfin Blois wà. Níbẹ̀ ni ìwé ti fẹ́ gba ọkùnrin kan là, tí òun kò sì gbà.

Ọkùnrin náà ni Henri, olóyè Guise. Alágbára ni, ó sì lọ́mọ ogun lẹ́yìn. Ọba Henri Kẹta ń bẹ̀rù pé yóò gba oyè mọ́ òun lọ́wọ́. Ní òpin ọdún 1588, gbogbo àwọn aṣojú ìlú pé jọ sí Blois fún ìpàdé. Ìtàn sọ pé nígbà tó ku ọ̀la kí Guise kú, ó bá ìwé kékeré kan lábẹ́ aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ìwé náà kìlọ̀ fún un pé wọ́n fẹ́ pa á. Ó kà á tán. Ó ní wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ìwé náà nù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ọba ránṣẹ́ pè é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba dúró dè é, wọ́n sì gún un pa nínú yàrá ọba. Kò pé ọdún kan, wọ́n pa ọba náà pẹ̀lú.

Àwọn àgbà wa ní, ẹni a wí fún, Ọba jẹ́ ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ti mọ̀wé díẹ̀. Kíkà nìkan kò tó. Ohun tí a bá kà, ó yẹ kí a rò ó.

Amboise

Ọjọ́ kejì ni a dé Amboise. Láti orí odi ààfin náà, ẹ ó rí odò Loire tó tẹ́ lọ bí ẹní.

Ọba Charles Kẹjọ ni wọ́n bí sí ààfin yìí. Òun ni ó sì tún un kọ́ tó fi tóbi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1498, ó ń lọ wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan kọjá, ó sì fi orí sọ àtẹ́rígbà. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ó kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Àtẹ́rígbà kò mọ ọba.

Lẹ́yìn náà ni Ọba François, ẹni tó kọ́ Chambord, ránṣẹ́ sí Leonardo da Vinci ní ilẹ̀ Ítálì pé kó wá máa bá òun gbé. Òun ni ó ya àwòrán Mona Lisa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dé ní 1516. Ilé tí wọ́n fún un, Clos Lucé, kò jìnnà sí ààfin náà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1519. Bàbá náà ní ìwà kan tó wù mí. Ohun tó bá rí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ya àwòrán rẹ̀: bí omi ti ń ṣàn, bí ẹyẹ ti ń fò, bí iṣan apá ènìyàn ti rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ìwé ni ó fi sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka ohun tó kọ.

Ọmọ Áfíríkà kan náà gbé Amboise, kì í ṣe àlejò. Ẹlẹ́wọ̀n ni. Abd el-Kader ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àlgéríà. Ó mọ Kùránì, ó mọ ìwé, ó sì mọ ogun jà. Ọdún 15 ni ó fi bá àwọn Faransé jà kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ rẹ̀. Ní òpin 1847 ó túúbá, nígbà tí wọ́n ṣèlérí fún un pé wọn yóò jẹ́ kó lọ máa gbé ní Alẹkisáńdíríà tàbí ní Acre, ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n yẹ àdéhùn. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé e lọ. Láti 1848 títí di 1852, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyàwó àti ọmọ àti ẹmẹ̀wà rẹ̀ wà ní àhámọ́ ní Amboise. Òtútù àti àìsàn pa nínú wọn. Òkúta 25 wà nínú ọgbà ààfin náà lónìí ní ìrántí àwọn tó kú. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ìlérí náà di ohun ìgbàgbé. Wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1852, olórí ilẹ̀ Faransé, Louis-Napoléon Bonaparte, wá sí Amboise fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ó ti di òmìnira.

Chenonceau

A kúrò létí Loire díẹ̀, a yà sí etí odò Cher. Ààfin tó wà níbẹ̀ ni Chenonceau. Orí omi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Odò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ààfin àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ tẹ́tí.

Thomas Bohier, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó owó ọba, ni ó gba ilẹ̀ náà ní 1513. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọba àti ogun Ítálì kì í jẹ́ kó gbélé. Ìyàwó rẹ̀, Katherine Briçonnet, ni ó dúró ti àwọn mọlémọlé títí ilé fi parí. Bohier kú ní 1524, ìyàwó rẹ̀ kú ní 1526. Wọ́n wá yẹ ìwé ìṣirò owó Bohier wò, wọ́n ní ó jẹ ọba ní gbèsè. Ní 1535, ọmọ rẹ̀ fi ààfin náà san gbèsè bàbá.

Ní 1547, Ọba Henri Kejì fi Chenonceau ta Diane de Poitiers lọ́rẹ. Àlè ọba ni Diane. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Ó mọ̀ pé ohun tó bá jẹ́ ti adé, ọba mìíràn lè gbà á padà lọ́jọ́ kan. Kò jókòó sórí ẹ̀bùn kó máa rẹ́rìn-ín. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ gbèsè náà palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lu ààfin náà ní gbànjo, Diane sì fi owó rà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní 1555 ni ilé náà tó di tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó wá kọ́ afárá láti ẹ̀yìn ààfin náà sọdá odò.

Ní 1559, Ọba Henri ń ṣeré orí ẹṣin. Ọ̀kọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré dá, ó gún un lójú, ó sì kú. Agbára bọ́ sọ́wọ́ Catherine de Médicis, ìyàwó tó fẹ́ sílé. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ orogún ti máa ń rí, ti àlè wá le ju ti orogún lọ. Catherine fẹ́ kí Diane jáde. Ṣùgbọ́n kò lè gba ilé náà lásán, nítorí pé kì í ṣe ti adé mọ́. Ìwé wà lọ́wọ́ Diane. Nítorí náà Catherine ní láti fún un ní ààfin mìíràn, Chaumont, ní pàṣípààrọ̀. Diane kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ààfin ló fi gba ààfin. Bí kò bá sí ìwé, ọwọ́ òfo ni ìbá bá lọ.

Catherine kọ́ yàrá gígùn kan sórí afárá náà. Gígùn rẹ̀ tó mítà 60. Afárá yìí tún ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí mẹ̀kúnnù Faransé dìde sí ọba wọn ní 1789, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ńlá. Obìnrin tó ni Chenonceau nígbà náà, Louise Dupin, ni wọ́n ní ó gbà á là. Ó rán wọn létí pé afárá tí gbogbo wọn ń gbà kọjá sí ọjà ni. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn onílé sọ yàrá gígùn náà di ilé ìwòsàn. Ó lé ní 2,000 sójà tó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀. Nígbà ogun kejì, odò Cher di ààlà. Apá kan wà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, apá kejì kò tíì sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń sá fún ẹ̀mí wọn gba inú yàrá yìí kọjá sí apá kejì.

Villandry

A padà sétí Loire. Lẹ́yìn ìlú Tours ni Villandry wà. Jean Le Breton, ìránṣẹ́ owó mìíràn fún Ọba François, ni ó kọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bá mi dé ibí yìí. Ọgbà ni a wá wò.

Ọgbà ewébẹ̀ rẹ̀ pín sí ìpín 9, tí igun wọn dọ́gba: kábéèjì, ẹ̀wà, elégédé, àlùbọ́sà, ata, oríṣiríṣi. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbìn ín. Ibi tí wọ́n bá gbin irúgbìn kan sí, wọn kì í gbin irú rẹ̀ síbẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣá. Ẹ̀yin náà mọ ọgbọ́n yẹn.

Ọgbà yìí ti parẹ́ rí. Ní 1906, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Sípéènì, Joachim Carvallo, ra ilé náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Ann Coleman, ọmọ Amẹ́ríkà. Wọn kò fi àbá lásán tún un ṣe. Carvallo wá àwòrán àti ìwé àtijọ́, ó kà wọ́n, ó sì tún ọgbà náà gbìn bí wọ́n ti ń ṣe láyé àwọn ọba.

Azay-le-Rideau

Bíi kìlómítà 10 sí Villandry ni Azay-le-Rideau wà, láàárín odò Indre. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo akápò ẹgbẹ́ tó jókòó níhìn-ín.

Gilles Berthelot, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ ìwé owó ọba wò, ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1518. Ìyàwó rẹ̀, Philippa Lesbahy, ni ó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ní 1527, ọba ní kí wọ́n so ìbátan Berthelot rọ̀ ní Paris nítorí ọ̀rọ̀ owó. Jacques de Beaune ni orúkọ rẹ̀, àgbà akápò ni. Nígbà tí Berthelot gbọ́, ó sá lọ. Kò fojú kan ilé náà mọ́ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, ọba kò gbọ́. Ní 1528, ọba gba ilé náà láìtíì parí, ó sì fún ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun rẹ̀.

Ilé náà lẹ́wà lójú omi. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó, ohun tí mo ń rò ni pé, bí ìwé owó ènìyàn bá mọ́, kò ní gbọ́ ìròyìn ní òwúrọ̀ kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ní alẹ́.

Chinon

Ibi tí a parí sí ni Chinon, létí odò Vienne. Ilé olódi ńlá ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti di ahoro. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan wọlé wá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1429, ọmọ bí ọdún 17. Jeanne d'Arc ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìdajì ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ti dó ti ìlú Orléans, níbi tí àwa ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn wa. Charles, ọmọ ọba, wà ní Chinon, kò tíì gba adé. Jeanne sọ fún un pé Ọlọ́run rán òun láti ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ọmọ ogun. Ní oṣù Karùn-ún, Orléans bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní oṣù Keje, Charles gba adé ní Reims.

Jeanne ní ìgboyà, ó ní ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni ó kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ara ẹni sábẹ́ lẹ́tà. Ní 1430 ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Rouen. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1431, wọ́n mú un dé gbangba, wọ́n fi iná dẹ́rù bà á, wọ́n ka ìwé kan sí i létí, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní ó ti yẹ àdéhùn inú ìwé náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, wọ́n dáná sun ún láàyè. Ó jẹ́ ọmọ bí ọdún 19.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé ìwé tí wọ́n kà sí i létí kúrú, kò ju ìlà 6 sí 8 lọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí wọ́n kà fún un ha ni ó fọwọ́ sí? Ẹni tí kò lè kà á fúnra rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni ó tún gbé e dìde. Ìyá rẹ̀, Isabelle, kò dákẹ́. Ní 1455 ó gbé ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn akọ̀wé ti kọ ohun tí Jeanne sọ ní ilé ẹjọ́ sílẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn adájọ́ ka àkọsílẹ̀ náà, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, ní 1456 wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ti kú, kò sí ohun tó lè jí i. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ohun Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Dì Mú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn kan a máa bi mí pé, "Tíṣà, àgbà ti dé sí wa, kí ni a fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ohun tí mo rí létí odò Loire ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Òkúta pọ̀ ní Azay, kò gba Berthelot là. Ọmọ ogun tẹ̀lé Jeanne, ṣùgbọ́n ìwé tí kò lè kà ni wọ́n fi mú un. Diane kò ní ọmọ ogun, kò sì ní ọba mọ́. Ìwé tó mọ́ ni ó ní, ààfin ni ó sì bá jáde.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá pé kí ẹ tẹ̀ka sí i, ẹ bi í ní ìbéèrè 3. Èkíní: kí ni ó wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀? Èkejì: ta ni ó kọ ọ́, ta sì ni ó ń gba ohun kan nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹta: níbo ni ẹ̀dà tèmi wà? Bí ẹ kò bá lè kà á tán, ẹ má tẹ̀ka sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e wá sí kíláàsì. A ó jọ kà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ kò ní bínú pé ẹ fẹ́ kàwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń kánjú yín, òun gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ẹ̀yin akápò, ẹ kọ owó sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ̀yin tó ní ilẹ̀, ẹ fi ìwé ilẹ̀ síbi tí ikán kò lè dé, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara yín kọ, mo yọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Jeanne náà mọ orúkọ rẹ̀ kọ. Kíkà ohun tó wà lókè orúkọ ni iṣẹ́ tó kù.

A ó pàdé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwé kan láti ilé wá, ìbáà ṣe ìwé owó orí tàbí ìwé ìsanwó. Ìyẹn ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ wa.